Bàbá Pa-Á àti Ìbéèrè Kẹrin

Ìtàn tí gbogbo àdúgbò máa ń kọ́kọ́ sọ nípa Bàbá Pa-Á ni ti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ọmọ ọlọ́mọ nítorí ọkọ̀ oníbúrẹ́dì. Tí ẹ bá da ìbéèrè sílẹ̀ ní títì yẹn lónìí, gbogbo wọn ló máa ní àwọn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀ ò gbà ju mọ́tò mẹ́ta lọ. Ìyàwó rẹ̀, ẹni tí òun alára máa ń pè ní Ìyá Wọn, tó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ni kì í pariwo pé òun wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ń sọ ọ́, tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí i, á kàn máa mi orí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé oníbúrẹ́dì ra ọkọ̀ àgbà kan, ọkọ̀ tó ti ń rìn lójú pópó kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n rìn. Ọkọ̀ ọ̀hún ò lágbára. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó gbé ẹrù gun àtẹ̀gùn, èéfín dúdú sì ń rọ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn. Bó ṣe ń wọlé bọ̀, mẹkáníìkì wa, tó ń jẹun lọ́wọ́, gbọ́ ohùn kan nínú ẹ́ńjìnnì náà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ju ṣíbí sílẹ̀, ó fò dìde, ó sì fi ohùn tó dé ìkòríta ké pé: "Pa á! Pa á! Pa á kíákíá, kó tó bà á jẹ́!"

Oníbúrẹ́dì ò gbọ́, torí ariwo ọkọ̀ rẹ̀. Àmọ́ gbogbo àwọn tí kò lọ́kọ̀ gbọ́. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì já jáde pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, oníbàárà rẹ̀ sì tẹ̀lé e, ìdajì orí rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Aránṣọ gbé igi tó fi ń wọn aṣọ. Káfíńtà gbé pákó. "Ó dà? Ibo ló gbà?" Ẹnì kan ń wá ejò lábẹ́ tábìlì, ẹlòmíì ń wá olè. Àfi bí ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí ṣe gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lórí eré, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́. Wọ́n gbá a mú.

"Kí lo jí?"

"Mi ò jí nǹkan kan!"

"Kí lò ń sá fún nígbà yẹn?"

"Ẹ̀yin náà ṣáà gbọ́! Wọ́n ní kí wọ́n pa á. Wọn ò dárúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Mo ní kó má lọ jẹ́ èmi!"

Kí Bàbá tó dá sí ọ̀rọ̀ wọn, ó kọ́kọ́ na ọwọ́ gba ojú wíńdò ọkọ̀ oníbúrẹ́dì wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kú. Ìgbà náà ló yíjú sí wọn. "Ọkọ̀ ni mo ní kó pa," ló wí. "Tó bá tiẹ̀ jẹ́ èèyàn ni mo fẹ́ pa, ṣé irú yín ni mo máa pè? Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe gbé igi dání." Nígbà tó ṣí fíltà tí ọkọ̀ náà fi ń mí, ìyẹ̀fun ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, torí ẹ̀yìn ilé ìpo-búrẹ́dì ni wọ́n ń gbé e sí. Ó gbọn fíltà náà sójú pópó, gbogbo wọn funfun bí ẹfun. Ọkọ̀ sì bọ́ sí títì bí ọmọ tí wọ́n tú sílẹ̀ nílé ìwé.

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ tí bàbá tó bí i sọ ọ́ ti pòórá. Ó di Bàbá Pa-Á, títí dórí fóònù. "Ta ló ń sọ̀rọ̀?" "Pa-Á ni." Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n a sì gbé fóònù sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tí kò sún mọ́ ọn á rò pé aríjàgbá ni. Rárá o. Ó ní ìgbéraga lóòótọ́, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló tọ́ ẹni tó ṣe mọ́tò àkọ́kọ́ dàgbà. Àmọ́ ọkọ̀ tó ti gbó ló fẹ́ràn jù láyé, lẹ́yìn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ ti lọ dé, tí ẹ wá ṣèèṣì ní, "Bàbá, àbí ó ti gbó ni?" ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́.

"Ọjọ́ orí kì í ṣe àrùn," á ní. "Ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ ló ń di ẹ̀bi ru ọjọ́ orí. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń bi ọkọ̀ tí kò lágbára. Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ń mí? Ṣé ó ń yàgbẹ́?"

Oúnjẹ ni epo, àti iná púlọ́ọ̀gì tó ń sè é, torí ẹni tó ní oúnjẹ tútù tí kò ní iná, ebi ló máa sùn. Èémí ni atẹ́gùn tó ń gba inú fíltà wọlé. Ẹ̀kẹta ni èéfín tó yẹ kó gba sàléńsà jáde. Tí ẹnì kan bá ní kí ló kan ìyẹn pẹ̀lú eré sísá, Bàbá Pa-Á á ní kí ẹni náà lọ fi ara rẹ̀ dán an wò ná.

Ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí ló kó ìyálọ́mọ kan sí wàhálà. Obìnrin náà ò wá síbẹ̀ rí. Ó dúró ti ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé ọmọ lé èjìká, Bàbá Pa-Á sì ti ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé ó ń jẹun?" ló bi í láìgbójú sókè.

Inú ìyálọ́mọ dùn pé bàbá yìí mọ èèyàn kí. "Ó ń jẹun dáadáa, sà. Kì í tiẹ̀ yó."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Mo ti fura. Ṣé ó ń mí?"

"Ó ń mí, sà. Ó kàn máa ń hanrun díẹ̀ ni."

"Tó bá dúró ni àbí lórí ìrìn?"

"Ibi tó bá ṣáà ti wù ú, sà."

"Ṣé ó ń yàgbẹ́?"

"Láàárọ̀ yìí gan-an, ó yà á lẹ́ẹ̀mejì."

"Báwo ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí?"

"Ó pọ́n rúsúrúsú, sà."

Ọwọ́ Bàbá Pa-Á dúró. Látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì rí sàléńsà tó ń tu èéfín pupa. "Láti ìgbà wo?" ló bi í, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Láti ìgbà tí mo ti bí i ni."

Bàbá yọ orí jáde. Ó wo ìyá, ó wo ọmọ, ọmọ náà wò ó. Ẹlòmíì ì bá tọrọ àforíjì, tàbí kó rẹ́rìn-ín. Òun mi orí bíi dókítà, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ń ṣe é, ẹ máa fún un lọ́mú. Ó ku ọkọ̀."

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ní ọ̀pá rọ́bà gígùn kan. Á fi ẹnu kan sí etí, á máa fi ẹnu kejì kan ẹ́ńjìnnì káàkiri. Ó nílò ẹnì kan tí yóò jókòó sídìí ọkọ̀, níbi tí awakọ̀ ń jókòó sí, tí yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà iná fún un, kò sì fọkàn tán ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bíi ti Ìyá Wọn. Ó ní àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ń tẹ iná bí ẹni tẹ aáyán. Nítorí náà, bí Ìyá Wọn bá gbé oúnjẹ ọ̀sán dé, kò sí "ẹ kú iṣẹ́, ẹ jókòó." Ìdí ọkọ̀ tààrà ni. "Tẹ̀ ẹ́! Rọra! Tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀! Fi sílẹ̀! Mo ní kó o fi sílẹ̀!" Àna wọn kan tó wá kí wọn nígbà kan gbọ́ ọ láti òkèèrè, ó sì padà sílé lọ sọ pé tọkọtaya náà ń jà, kí àgbà tètè dá sí i.

Ìyá Wọn ò bínú. Ó máa ń wí fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ìbá jẹ́ pé wọ́n ń fún ẹsẹ̀ nìwé ẹ̀rí, ẹsẹ̀ òun ọ̀tún ti di ọ̀gá mẹkáníìkì tipẹ́.

Ẹ̀rí sì wà. Awakọ̀ takisí kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó ní ó wúwo, kò lè sáré, nǹkan sì ń rùn bí ohun tó ń jóná. Bàbá Pa-Á bi ọkọ̀ náà ní ìbéèrè mẹ́ta. Ó tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó ha ìdọ̀tí orí rẹ̀, ó dá a padà. Ó pààrọ̀ fíltà. Ó ki wáyà bọ sàléńsà. Ọkọ̀ ò dá a lóhùn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà wí, pé wọn ò gba ìmọ̀ràn.

Ìyá Wọn gbé oúnjẹ dé, ó jókòó sídìí ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n ní kó tẹ iná. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Wọn, ta ló dì í mú?"

"Ta ló di kí ni mú?"

"Bíréèkì ọwọ́ ni. Wọ́n fà á dé ìdajì, wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀."

Awakọ̀ takisí ń wo ilẹ̀. Bàbá Pa-Á mú àkísà, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó nu ìka kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ gan-an kó tó nù ún tán. "Mo ti rí i tipẹ́," ló wí níkẹyìn. "Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ rí i nínú yín ni."

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè mẹ́ta ti di mẹ́rin. Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ń mí? Ṣé ó ń yàgbẹ́? Ta ló dì í mú? Ó gba ti ẹ̀kẹrin lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, kò dá a padà mọ́. Ó máa ń wí fún àwọn oníbàárà pé ojú oorun ni wọ́n ti fi han òun. Tí Ìyá Wọn bá wà nítòsí, á ní, "Ojú oorun wo, Bàbá Wọn?" Ọkọ rẹ̀ á dáhùn láìṣẹ́jú pé, "Ẹ̀gbẹ́ ẹ náà kọ́ ni mo sùn sí?"

Ó ní ọkọ̀ tirẹ̀, ọkọ̀ ìdí gígùn kan aláwọ̀ ewé tó ti ṣá, tó sọ ní Àgbà. Inú Àgbà ló ti kọ́ Ìyá Wọn ní ọkọ̀ wíwà, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà yẹn. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni Ìyá Wọn lórí ilẹ̀. Kì í gbé ohùn sókè, kì í ti èèyàn lórí ìlà. Àmọ́ tó bá ti dé ìdí ọkọ̀, ẹsẹ̀ tó ti ń tẹ iná fún ọkọ̀ tó dúró sójú kan láti ọjọ́ pípẹ́ wá ráàyè, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìdajì.

Bàbá Pa-Á á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á di ilẹ̀kùn mú, á sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì tí kò sí lọ́dọ̀ tirẹ̀. Gbà! sí ilẹ̀ ọkọ̀. Tí wọ́n bá dé kọ́nà, gbà! Tí wọ́n bá rí adìyẹ lókèèrè, gbà! Ó tẹ ojú kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ títí irin fi yọ.

"Ìyá Wọn, o ò wa ọkọ̀ yìí o, ò ń lé e ni."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń ní kí n tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀?"

"Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ni mo ń sọ!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lójoojúmọ́ láti ilé tó wà lórí òkè, níbi tí táǹkì omi wà, dé ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀. Ariwo wọn á dé ibi tí wọ́n ń lọ ṣáájú ọkọ̀. Onígbàjámọ̀ ní òun kì í wo aago láàárọ̀. Tóun bá ti gbọ́ gbà lójú kọ́nà, òun á ṣílẹ̀kùn.

Nígbà tí àìsàn dé sí Bàbá Pa-Á, tí agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, wọ́n gbé e lọ bá dókítà. Ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni dókítà náà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín. Ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀." Ìyá Wọn fọwọ́ bojú, torí ó mọ ohun tó ń bọ̀.

"Ọjọ́ orí kì í ṣe àrùn! Bi mí léèrè bí wọ́n ṣe ń béèrè. Ṣé mò ń jẹun?"

"Ó dáa, Bàbá. Ṣé ẹ ń jẹun?"

"Díẹ̀díẹ̀."

"Ṣé ẹ ń mí dáadáa?"

"Tí mo bá gun òkè, ó ń dí."

Dókítà ti gbádùn eré náà. "Ṣé ẹ ń yàgbẹ́?"

"Ìyẹn ò kàn ẹ́, ìyàwó mi wà níbí. Ó ku ẹ̀kẹrin: ta ló dì mí mú?" Kò dúró de dókítà. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ Ìyá Wọn mú. "Ẹni tó dì mí mú nìyí. Tí kì í bá ṣe tiẹ̀ ni, mo ti lọ tipẹ́." Ìyá Wọn ní kó dákẹ́, ó ń ti òun lójú. Àmọ́ kò gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

Kò pẹ́ sígbà náà tó fi ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òun fẹ́ fojú kan Àgbà. Àkọ́bí wọn obìnrin ló fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé e lọ. Ó ní kí gbogbo wọn jáde, kí wọ́n fi òun àti ọkọ̀ òun sílẹ̀. Wọ́n rò pé ó ń dágbére fún un ni, àánú sì ṣe wọ́n, wọ́n lọ jókòó sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Nígbà tí wọ́n padà, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń làágùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ ẹran inú ìkòkò. Ìyá Wọn gbọn lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó bú káfíńtà nínú ọkàn, pé kì í gbálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá Pa-Á sùn tí kò jí.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, tí àwọn àlejò lọ, Ìyá Wọn sọ̀kalẹ̀ lọ gbé Àgbà. Ó ṣíná sí i, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n jọ rìn dáadáa lójú títì tó tẹ́jú, àfi bí wọ́n ṣe dé ẹsẹ̀ òkè tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ìyá Wọn tẹ iná. Àgbà rìn díẹ̀, ó gbọ̀n, ó dúró. Lọ́rì kan fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní láti fi ẹ̀yìn rìn wálẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó sì gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ó gun òkè náà pẹ̀lú omijé, kì í sì í ṣe torí òkè.

Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù báyìí ni ọ̀kan nínú àwọn tí Bàbá Pa-Á kọ́ níṣẹ́, ọkùnrin tó ti ní ìyàwó àti ọmọ, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Kékeré. Ó gbá Àgbà mú bí ẹni tó ń tọ́jú bàbá ara rẹ̀. Ó wo oúnjẹ rẹ̀: epo ń dé, púlọ́ọ̀gì ń ṣáná. Ó wo èémí: fíltà mọ́ tónítóní. Ó wo sàléńsà: ó ń tú èéfín dáadáa. Ó wo ẹ̀kẹrin pàápàá: ó gbé táyà kọ̀ọ̀kan kúrò nílẹ̀, ó fọwọ́ yí i, kò sí bíréèkì tó dì í mú. Tó bá dúró níwájú, tó fi ọwọ́ fa okùn pẹ́dà iná lára kábúrétọ̀, Àgbà á bú bíi kìnnìún. Tó bá gbé e dé ẹsẹ̀ òkè, á di ọmọ ológbò.

"Màmá," ló wí níkẹyìn, ojú ń tì í, "mi ò fẹ́ sọ ọ́ o. Ó dà bíi pé ọjọ́ orí ni."

Ìyá Wọn wò ó títí ó fi gbé ojú kúrò. "Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí? Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí?"

Àmọ́ àkọ́bí rẹ̀ ti gbọ́. Ọmọ náà ò burú. Ẹ̀rù ló ń bà á, pé ọkọ̀ lè dákú mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lórí òkè tí lọ́rì bá wà lẹ́yìn. Ó ti bá ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀, pé kó wá fà á lọ ní Sátidé.

"Mọ́mì, ẹ gbọ́ tèmi. Tó bá gun òkè kí ọkùnrin yẹn tó fà á lọ, ẹ máa wà á lọ, mi ò ní wí nǹkan kan. Tí kò bá gùn ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ."

"Mo gbà," ni Ìyá Wọn wí. Ilé ṣófo, ibùsùn ṣófo. Nínú gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, Àgbà nìkan ló ṣì ń dá a lóhùn tó bá fọwọ́ kàn án. Kò tíì ṣe tán láti jẹ́ kí wọ́n fi ṣéènì wọ́ ọ lọ.

Sátidé dé. Onírin àlòkù ti gbé ọkọ̀ ńlá rẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ti ń tú ṣéènì. Ọ̀gá Kékeré ní kí wọ́n ṣe sùúrù, kóun fetí sí i lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Ó mú ọ̀pá rọ́bà ọ̀gá rẹ̀, ó fi sí etí. Ìyá Wọn jókòó sídìí ọkọ̀.

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀."

"Ó ti dé ìsàlẹ̀."

"Ẹ tún tẹ̀ ẹ́, Màmá."

"Mo ní ó ti..." Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó rọra ṣe é bí ẹni tó ń wá ilẹ̀ nínú omi. "Kò tíì dé ìsàlẹ̀."

"Èwo ni ká mú, Màmá? Ṣé ó ti dé àbí kò tíì dé?"

"Pẹ́dà ní òun ti dé. Ẹsẹ̀ mi ní kò tíì dé. Ọ̀kan nínú wọn ń parọ́, kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ mi." Ohùn jáde lẹ́nu rẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun ní: "Pa á! Pa á!"

Iwájú òun fúnra rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ó pa á. Onígbàjámọ̀ ti jáde sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, aránṣọ ti jáde, káfíńtà náà jáde. Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó gbé igi dání. Wọ́n kàn dúró síbẹ̀, torí láti ọjọ́ tí bàbá náà ti kú, kò tíì sẹ́ni tó ké bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà yẹn.

Ìyá Wọn sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Lábẹ́ pẹ́dà iná, ó rí igi kan. Kì í ṣe igi tó já bọ́ síbẹ̀. Wọ́n gé e, wọ́n fá a dán, wọ́n fi rọ́bà tíúbù bò ó lórí kó má bàa máa dún, wọ́n sì fi wáyà dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n lọ́ wáyà náà dáadáa, wọ́n wá ká ìrù rẹ̀ sínú, kó má bàa gún ẹsẹ̀ ẹni tó bá ń wa ọkọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ká ìrù wáyà sínú bẹ́ẹ̀ ní gbogbo títì yẹn. Ọ̀gá Kékeré rí i, ó bọ́ fìlà. Àkọ́bí wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, kí nìyẹn? Ta ló fi síbẹ̀?"

Ìyá Wọn fọwọ́ kan igi náà. Ó rántí lẹ́búlẹ́bú igi tó wà lára ṣòkòtò, ó rántí ẹ̀rín yẹn. Ọkọ rẹ̀ ti mọ̀ pé òun ò ní sí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́, pé kò ní sí ẹsẹ̀ tí yóò máa tẹ bíréèkì tí kò sí. Ló bá lọ gé igi rọ́pò ẹsẹ̀ rẹ̀, kí pẹ́dà iná má bàa délẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀, Bàbá Pa-Á tí kì í ṣàṣìṣe ti gé e nípọn jù. Ó rántí ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó gbàgbé òkè.

"Bàbá Wọn," ni Ìyá Wọn wí fún igi náà, "ta ló dì í mú? Ẹ̀yin náà ni. Ẹ̀yin lẹ dì í mú." Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó rín títí ó fi jókòó sílẹ̀, omijé ń ṣàn, kò nù ún. Ọ̀gá Kékeré náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Onírin àlòkù béèrè lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ pé ṣé ó dára fún màmá yìí báyìí, onígbàjámọ̀ ní kó fi wọ́n sílẹ̀.

Wọ́n tú igi náà. Ìyá Wọn wọ ọkọ̀, àkọ́bí rẹ̀ sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú bíi bàbá rẹ̀. Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè. Ìyá Wọn tẹ iná dé ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀, Àgbà sì gbé orí sókè, ó gun òkè náà bí ẹni tí wọ́n ní oúnjẹ ti délẹ̀. Ó kọjá táǹkì omi kí ọmọ rẹ̀ tó ráàyè ké. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, onírin àlòkù ń ká ṣéènì rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ rọra!"

"Ìwọ lo ní kó gun òkè."

Kò ju igi náà nù. Ó gbé e sí ilẹ̀ ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ti tẹ kápẹ́ẹ̀tì títí irin fi yọ. Ibẹ̀ ló ṣì wà. Tí Ìyá Wọn bá ń sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, tó gbàgbé ara rẹ̀, tó ya kọ́nà pẹ̀lú eré, igi náà á yọ̀, á fi orí sọ irin: gbà!

"Mo ti gbọ́, Bàbá Wọn," á wí, á sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Nísàlẹ̀, onígbàjámọ̀ á dìde, á ṣílẹ̀kùn.